Ìwé Atọ́nà Wo Ni Kí A Mú Dání Bí A Bá Ń Wakọ̀ Lọ Sílé?

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ètò yìí, mo mọ̀ pé wọ́n ń retí kí n sọ̀rọ̀ nípa ìwé kíkà. Ọ̀rọ̀ ìwé náà ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n irú ìwé tí ọ̀pọ̀ wa kò kà sí ìwé ni. Ìwé atọ́nà arìnrìnàjò ni, èyí tí ó ń sọ ọ̀nà, ìlú, ibi tí ènìyàn lè sùn àti ohun tí ó yẹ kí ó yà wò.

Kò sí ẹni tí kì í lọ sílé nínú wa. Bí kì í bá ṣe Iléyá, a jẹ́ Kérésì. Bí kì í bá ṣe ìgbéyàwó, a jẹ́ òkú àgbà. Kàdúná níbí ni a bí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa sí. Ojú fèrèsé ọkọ̀ ni wọ́n ti ń rí orílẹ̀-èdè yìí, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ó yẹ kí á ní ìwé tó dára nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí kò dára lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Ó ti ṣe mí rí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, mo kó ìyàwó mi àti ọmọ mẹ́ta sínú ọkọ̀, a ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti lọ sìnkú ìyá mi àgbà. Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ yá mi ní ìwé atọ́nà kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán gbinrin. Ọ̀nà Birnin Gwari, Tegina, Kontagora àti Mokwa títí dé Jẹ́bà ni ọ̀pọ̀ wa ń gbà nígbà náà. Ìwé náà sọ pé òtẹ́ẹ̀lì kan wà ní ìlú kan lójú ọ̀nà yẹn, pé ó mọ́, ó ní iná àti omi, ilé epo sì wà níwájú rẹ̀ gan-an. Mo ní, ó tán. N kò kánjú mọ́. Aago mẹ́wàá ni a tó kúrò nílé, mo ní a ó sùn síbẹ̀, ọ̀la la ó wọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Táyà kan jò lẹ́yìn Tegina. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí a tó dé ìlú náà. Òtẹ́ẹ̀lì ti di ibi tí wọ́n ń kó àpò ìrẹsì pamọ́ sí. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo fi ìwé hàn án. Ó ní ọdún kẹfà rèé tí òun ti ń ṣọ́ ibẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì náà sì ti kógbá sílé kí òun tó dé. Ilé epo wà lóòótọ́, koríko ló hù bò ó. Epo inú ọkọ̀ mi kò lè gbé wa dé ìlú mìíràn. Àbíkẹ́yìn wa ń sunkún. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan, ẹ̀yin ọkọ tí ẹ wà níbí sì mọ̀ pé ìyẹn burú ju kí ó sọ̀rọ̀ lọ.

Obìnrin Tápà kan tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà ló gbà wá sílé. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kúrò nínú yàrá kan, ó tẹ́ ẹní fún wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ rẹ̀ wá epo kẹ́ẹ̀gì kan fún wa. Hajiya náà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi fún ibi tí a sùn. Ọlọ́run ló ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ìwé kọ́ ló ṣe é.

Nígbà tí mo padà dé ni mo tó wo ojú ewé kejì, ibi tí wọ́n ń kọ ọdún ìwé sí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 2005. Ṣùgbọ́n lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ ní àtúntẹ̀ ni, 1993 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n pààrọ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fi ọdún méjìlá dàgbà jù ú lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò kí n tó sanwó.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ka ìlú tí mo mọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ni n ó ti ṣí i sí Kàdúná. Ṣé ó mọ̀ pé ilé tí Sàdáúná gbé, tí wọ́n sì pa á sí ní oṣù Kìíní 1966, ni a ń pè ní Arewa House lónìí? Ṣé ó mọ orúkọ tí àwa fúnra wa ń pe ọjà ńlá wa, àbí orúkọ àtijọ́ nìkan ló mọ̀? Bí ìwé bá ṣì mí lọ́nà nínú Kàdúná tí mo ti ń gbé, kí ni yóò jẹ́ kí n gbà á gbọ́ nípa Lọ́kọ́ja? Ẹ̀yin tí ilé yín jẹ́ Iléṣà tàbí Ọ̀fà, ẹ ṣí i sí Iléṣà tàbí Ọ̀fà. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún un.

Lẹ́yìn èyí, mo máa ń wá ọjọ́ orí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, nítorí ọdún tó wà níwájú lè tan ènìyàn. Bí ó bá fi Lọ́kọ́ja sí ìpínlẹ̀ Kwara, tàbí Òṣogbo sí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó ti wà ṣáájú oṣù Kẹjọ 1991. Bí Adó-Èkìtì bá wà ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ó ti wà ṣáájú oṣù Kẹwàá 1996. Bí gbogbo nọ́ńbà òtẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ti fóònù olókùn, tí kò sí ti alágbèéká kan ṣoṣo, àfàìmọ̀ kí wọ́n má ti kọ ọ́ kí GSM tó dé ní 2001. Bí ó bá sọ̀rọ̀ nípa Igbó Ọ̀ṣun tí kò mẹ́nu bà á pé UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, ẹ̀yin ọ̀dọ́ yóò rántí pé 2005 ni ìyẹn ṣẹlẹ̀. Ẹni tó wà ní ọ́fíìsì lè tún orúkọ ìpínlẹ̀ ṣe láì dé ojú ọ̀nà rí. Àwọn ohun kéékèèké bí nọ́ńbà fóònù ni kì í rántí láti tún ṣe.

Ìtàn inú ìwé náà ní ti rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ló sọ pé orí òkè Patti ní Lọ́kọ́ja ni ìyàwó Lugard dúró sí, tó wo ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, tó sì sọ ilẹ̀ yìí ní Nàìjíríà. Ìtàn yẹn dùn gan-an. Ṣùgbọ́n inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 1897, ni Flora Shaw ti dá orúkọ náà lábàá. Ọdún 1902 ni ó tó fẹ́ Lugard. Bákan náà ni àpáta Zuma, tó wà lẹ́yìn owó ọgọ́rùn-ún náírà tí wọ́n gbé jáde ní 1999. Ọ̀pọ̀ ìwé ń kà á mọ́ Àbújá, bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ Niger ló wà. Bí mo bá rí ìwé tó sọ méjèèjì bó ṣe rí, mo mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ wádìí ọ̀rọ̀.

Ẹ wo máàpù rẹ̀ pẹ̀lú. Máàpù Michelin 741, èyí tí àwọn awakọ̀ òkèèrè fẹ́ràn, kó Àríwá àti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sórí ewé kan. Sẹ̀ǹtímítà kan lórí rẹ̀ dúró fún ogójì kìlómítà. Àbújá sí Lọ́kọ́ja, tó tó nǹkan bí igba kìlómítà, kò ju ìka ọwọ́ kan lọ lórí rẹ̀. Ó dára fún ẹni tó ń ti Mòrókò bọ̀. Kò lè sọ ibi tí ẹ ó ti yà sí Kábà fún yín. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ti àwọn ìwé tó kó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pọ̀, bíi ti Rough Guide tó jáde lẹ́ẹ̀karùn-ún ní 2008. Orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ ju mẹ́wàá lọ, ìpín Nàìjíríà kò sì lè pọ̀. Ìwé tí Lizzie Williams kọ fún ilé-iṣẹ́ Bradt dá lé Nàìjíríà nìkan, ó jáde ní 2005, 2008 àti 2012. Òun ni mo mú nínú àwọn tí mo rà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àlejò láti òkè òkun ló kọ ọ́ fún, tí ọ̀rọ̀ físà àti ẹ̀fọn sì gba ojú ewé tí àwa kò nílò. Òun náà ti ń dàgbà, ẹ má gbàgbé.

Mo tún fẹ́ràn ìwé tó ń ka wákàtí ju èyí tó ń ka kìlómítà lọ. Ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní ọ̀nà tó dán kì í ṣe ọgọ́rùn-ún kìlómítà níbi tí kòtò wà. Ẹni tó kọ wákàtí ti gba ibẹ̀. Ẹni tó kọ kìlómítà nìkan lè jẹ́ pé orí máàpù ló ti wọ̀n ọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ní 2007, nígbà tí a ń gun afárá Jẹ́bà, ọmọ mi àgbà na ọwọ́ sí ọwọ̀n òkúta kan lórí òkè, ó ní, "Dádì, ta ni wọ́n kọ́ ìyẹn fún?" Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọjá níbẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n. Ìwé dídán tó wà ní ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo tó kà á pé ìrántí Mungo Park àti Richard Lander ni, àwọn òyìnbó tó tọ ipa odò náà. Mo tún kà á pé ìtòsí Jẹ́bà ni ọkọ̀ ojú omi Dayspring ti fọ́ ní 1857, tí Àjàyí Crowther tiwa, ọmọ Òṣogùn, sì wà nínú ọkọ̀ náà. Ó dùn mí pé ọmọ náà ti wọ yunifásítì kí n tó rí ìdáhùn fún un.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu yẹpẹrẹ sọ. Àwọn ìwé àtijọ́ yóò sọ fún yín pé ọ̀nà Birnin Gwari ló yá jù lọ sí Ìlọrin. Wọn kò purọ́ nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wa níbí mọ ohun tí àwọn agbébọn ti fi ojú ọ̀nà náà rí láti ọdún wọ̀nyí wá, a sì mọ ẹni tí wọ́n jí gbé. Nígbà tí ọ̀pọ̀ sá kúrò lójú ọ̀nà Àbújá bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n kọlu ìyẹn náà ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2022. Kò sí ìwé tó lè mọ irú èyí. Kò sì sí èyí tó lè mọ̀ pé omi yóò gbé afárá Tatabu lọ láàárín Mokwa àti Jẹ́bà ní 2017. Nítorí náà, òkè, odò, ìtàn àti bí ìlú ṣe tẹ̀ léra ni kí ẹ bi ìwé. Ọ̀rọ̀ ààbò, epo, afárá àti ibi tí ẹ ó sùn, ọwọ́ awakọ̀ tó wọ gárééjì láàárọ̀ ọjọ́ náà ni kí ẹ ti gbọ́ ọ, kí ẹ sì tẹ òtẹ́ẹ̀lì láago kí ẹ tó gbéra. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ni 122. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò ní Google Maps ti tó. Èmi náà ń lò ó, mo sì máa ń fi máàpù náà pamọ́ sórí fóònù kí n tó kúrò nílé, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ láàárín ìlú sí ìlú. Ṣùgbọ́n ó lè ní kí ẹ gba ọ̀nà tó kúrú jù, kò sì mọ ẹ̀rù.

Ìwé mi méjì yóò wà lórí tábìlì akọ̀wé lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ yá wọn lọ sílé. Ẹ ó rí i pé mo ti kọ nǹkan sí etí àwọn ewé kan, òtẹ́ẹ̀lì tó ti kú àti ilé epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo rí wọn. Ẹni tó bá yá a, kí ó kọ tirẹ̀ náà sí i, kí ó fi ọjọ́ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, ẹ má lo báírò.