Ojú Ọkọ̀ Ìjàpá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Iná ni ojú ọkọ̀ lóru. Bí iná ọkọ̀ kò bá mọ́lẹ̀ tó, awakọ̀ kò ní tètè rí ẹni tí ń rìn lẹ́bàá títì, ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ní tètè rí ọkọ̀ náà.

Ọkọ̀ Volkswagen tí àwa ń pè ní Ìjàpá jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ní ọdún 2003 ni a ṣe èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ṣùgbọ́n àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ṣì ń wà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ṣe ṣáájú ọdún 1966 ni ó ń lo bátìrì fólìtì 6. Gílóòbù wáàtì 45 a máa gba ámpù 7.5 nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ fólìtì 12, ámpù 3.75 péré ni irú rẹ̀ ń gbà. Bí ámpù bá sì ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára ṣe ń ṣòfò tó nínú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ àti súìṣì tí ó ti gbó.

Kí ni kí a wá ṣe? Kí a má tíì sáré ra gílóòbù tuntun. Lọ́nà kìíní, kí a ha ìpẹtà kúrò níbi tí wáyà ti kan ara ọkọ̀, nítorí ara ọkọ̀ ni iná ń gbà padà sí bátìrì. Lọ́nà kejì, kí rẹwáyà fa wáyà tí ó nípọn láti ìdí bátìrì lọ sí iná iwájú, kí ó sì fi rìlé sí i. Iná díẹ̀ láti inú súìṣì ni yóò máa pàṣẹ fún rìlé, rìlé yóò sì ṣí ọ̀nà fún iná púpọ̀. Lọ́nà kẹta, kí a wo awo dídán tí ó wà lẹ́yìn gílóòbù. Bí ó bá ti ṣú, kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti iná ẹ̀yìn, gílóòbù LED pupa yẹ gíláàsì pupa, nítorí iná díẹ̀ ni ó ń jẹ. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra pẹ̀lú iná iwájú. Ojú kan pàtó ni a ṣe awo rẹ̀ pé kí iná ti máa wá. Bí gílóòbù àjèjì bá tàn láti ibòmíràn, ìmọ́lẹ̀ yóò fọ́n káàkiri, yóò sì fọ́ ẹni tí ń bọ̀ níwájú lójú.

Níkẹyìn, kí a gbé ọkọ̀ dojú kọ ògiri ní alẹ́, kí a sì tún ojú iná rẹ̀ ṣe kí ó má baà wò sókè jù. Ẹni tí ó tan iná kí òun lè ríran, kí ó má fi iná náà sọ ẹlòmíràn di afọ́jú lójú ọ̀nà.