Ìdá Nínú Ọgọ́rùn-ún: Ohun Tí Orúkọ Iye Ti Sọ fún Wa

Ẹ bi ọmọ ilé ìwé kan ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́ pé èló ni ìdá méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà kan. Àfàìmọ̀ kó má kọ́kọ́ mú fóònù jáde. Èdè Faransé ló fi kọ́ ìṣirò, dix-huit ló sì mọ iye náà sí: mẹ́wàá àti mẹ́jọ. Àwa kì í kà á bẹ́ẹ̀. Méjìdínlógún ni tiwa, ogún tí ó dín méjì, orúkọ yẹn gan-an sì ni ọ̀nà tó yá jù láti ṣírò rẹ̀ nínú ọkàn.

A mú 18 nítorí pé òun ni iye TVA, owó-orí tí ìjọba Benin àti ti Togo ń gbà lórí ọjà. Ká ní iye ọjà kan jẹ́ 12,000 fàrànkì kí TVA tó gùn ún. Ìdámẹ́wàá rẹ̀ ni 1,200. Ẹ ká a lẹ́ẹ̀mejì, ó di 2,400: ogún nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ìdámẹ́wàá 2,400 ni 240, òun ni méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ yọ ọ́, ó ku 2,160. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà mẹ́wàá àti mẹ́jọ ní láti kọ́kọ́ wá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, iṣẹ́ ibẹ̀ sì pọ̀ díẹ̀ ju ti wa lọ.

Bákan náà ni 15, ẹ́ẹ̀ẹ́dógún, márùn-ún ló dín nínú ogún; 35, márùndínlógójì, márùn-ún ló dín nínú ogójì. (Láti 11 dé 14, àfikún ni tiwa náà, a ò lè fi ìyẹn yangàn.) Ọgọ́rùn-ún fúnra rẹ̀, ogún lọ́nà márùn-ún ni. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ ogún nínú ọgọ́rùn-ún ti gbọ́ ìdámárùn-ún. Ogójì jẹ́ ìdá méjì nínú márùn-ún, ọgọ́ta jẹ́ mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí. Ìdámárùn-ún kì í ṣe ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú 20,000 fàrànkì, èkíní jẹ́ 4,000, èkejì jẹ́ 1,000. Tí ẹnìkan bá gé gbólóhùn náà kúrú lẹ́nu, 3,000 lè ti bẹ́ẹ̀ lọ. Orí mẹ́wàá nìkan ni méjèèjì ti pàdé: ìdámẹ́wàá àti mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ìbéèrè kejì tí a kò gbọ́dọ̀ fò ni: nínú kí ni? Ọjà wa òkè yẹn di 14,160 lẹ́yìn TVA. Bí ẹ bá wá mú 18 nínú ọgọ́rùn-ún 14,160 láti mọ owó-orí inú rẹ̀, ẹ ó ṣì í, yóò lé ní 2,500. Orí 12,000 ni wọ́n ti gba owó-orí náà. Nínú fàrànkì 118 tí a bá san, 18 ni tìjọba.

Níbi àjọ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun àwọn ìyá wa jù. Ní ọ̀pọ̀ ibi, káàdì alájọ ní àyè 31, owó ọjọ́ kan sì ni èrè alájọ. Ẹni tó ń dá 500 lójúmọ́ yóò dá 15,500, yóò sì gba 15,000. Èrè alájọ kò ju bíi mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kò sì burú fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn káàkiri ìsọ̀ lójoojúmọ́. Àmọ́ bí ọjà kò bá tà, tí ìyá náà dá a dúró ní ọjọ́ kẹwàá, 5,000 ló dá, alájọ ṣì mú 500 rẹ̀. Ó ti di mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá jẹ́ ọjọ́ karùn-ún ni, ìdámárùn-ún owó rẹ̀ ló lọ. Alájọ kò yí àdéhùn padà. Ohun tí a ń pín ló kéré sí i. Ẹni tó tálákà jù, tí kò lè parí káàdì, ló ń san èyí tó pọ̀ jù.

Ti èlé tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. A yá 50,000, wọ́n ní ká máa san èlé 5,000 lóṣù. Mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni, kò sì dún bí ohun ńlá létí. Ṣùgbọ́n ti oṣù kan ni wọ́n dá. Tí ọdún bá fi yí po, tí a kò tíì rí ojú owó san, èlé tí a ti kó sílẹ̀ jẹ́ 60,000, gbèsè 50,000 náà sì wà níbẹ̀ bí a ṣe yá a.