Wolé-wolé Google ní Ọjà'ba

Ẹni tí ó bá dúró níwájú Gbọ̀ngàn Mápó, ilé olópòó gbàgàdà tí a ṣí ní ọdún 1929 láyé Kápútẹ́nì Ross, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, tí ó sì wo ìsàlẹ̀ síhà Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, yóò rí òrùlé páànù tí ó ti pọ́n bí ilẹ̀ pupa, tí wọ́n to ara wọn lọ títí dé ibi tí ojú ń mọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó tọ́ka sí ṣọ́ọ̀bù aláṣọ òfì kan ṣoṣo láàrin wọn, àfi kí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bèèrè. Bí a ti ń ṣe é láti ayé Olúyọ̀lé nìyẹn ní Ìbàdàn mèsì Ọ̀gọ̀: abéèrè kì í ṣìnà, àlejò a sì bi ìyá elẹ́kọ, a bi ọlọ́kadà, títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó ń wá. Ohun tí ó yí padà lóde òní ni ẹni tí a ń bi ní ọ̀nà. Ọmọ Ìbàdàn tí ó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kò rí ìyá elẹ́kọ bi. Google ni yóò bi, orí fóònù ni yóò sì ti bi í.

Ọ̀pọ̀ àwọn oníṣòwò wa ti gbọ́ èyí, wọ́n sì ti sanwó fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé kí ó bá àwọn ṣe ìkànnì, èyí tí í ṣe ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà a jókòó ti kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ, a ṣe iṣẹ́ náà, a pe ọlọ́jà wá wò ó lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Inú ọlọ́jà a dùn, a súre fún un, a sì san ìyókù owó. Kò sí ẹni tí ó rántí fi fóònù wò ó nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí oníbàárà bá wá ṣí i lórí fóònù, lẹ́tà inú rẹ̀ a kéré bí ẹsẹ̀ èèrà; bí ó bá fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, apá kan a sá lọ sí ọ̀tún, iye owó aṣọ a wà níbi tí ojú kò tó; kí ó tó ka ìlà mẹ́ta, ó ti sú u, ó ti yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn.

Bí ìkànnì kò bá sọ fún fóònù pé kí ó lo ìwọ̀n ojú ara rẹ̀, fóònù a máa ṣe bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ni òun: a fẹ ojú ewé náà tó nǹkan bí 980 píksẹ́lì, lẹ́yìn náà a rún gbogbo rẹ̀ mọ́ ibi tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, bí ẹni tí ó ń ki agbádá sínú kèrègbè. Ìlà kóòdù kan ṣoṣo, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní viewport, ni ó ń dá a lẹ́kun. Ṣùgbọ́n ìlà kan kì í kọ́ ilé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010 ni Ethan Marcotte, ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ọ̀nà tí a ń pè ní responsive: kí a kọ́ ìkànnì kan, kí ó máa gbòòrò, kí ó sì máa súnkì gẹ́gẹ́ bí ojú tí ó ń wò ó bá ti fẹ̀ tó, bí ìró tí ó gba ẹni tí ó sanra tí ó sì gba ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, láìdàbí ṣòkòtò tí a rán mọ́ ìdí ẹnìkan.

Kí ló wá kan Google nínú èyí? Àwa tí a ti dàgbà díẹ̀ kò gbàgbé wolé-wolé, ọkùnrin oníkákí tí ó máa ń yọ sí agbo ilé láìròtẹ́lẹ̀, tí ó ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀, tí ó ń yọjú sí ẹ̀yìnkùlé, tí ó sì ń kọ orúkọ baálé sínú ìwé rẹ̀. Google ní wolé-wolé tirẹ̀, ẹ̀rọ tí ń jẹ́ Googlebot, tí ń ti ìkànnì dé ìkànnì tọ̀sán tòru, tí ń ka ohun tí ó bá níbẹ̀, tí ó sì ń kó o lọ sínú àkọsílẹ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ yìí, bí a wá a títí lórí Google, a kò ní rí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú kọ̀ǹpútà ni ó fi ń wo ilé onílé. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 2015, Google bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìkànnì tí ó rọrùn lórí fóònù lékè èyí tí kò rọrùn, fún àwọn tí ń fi fóònù wá nǹkan. Àwọn oníṣẹ́ fòyà débi pé wọ́n mú orúkọ Amágẹ́dọ́nì inú Bíbélì, wọ́n yí i padà sí Mobilegeddon. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni Google kéde pé wolé-wolé náà yóò pààrọ̀ ojú, pé ojú fóònù ni yóò máa fi wo ilé. Láti oṣù keje ọdún 2019 ni ó ti ń fi wo gbogbo ìkànnì tuntun. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n sọ pé iṣẹ́ náà parí. Láti ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2024, ìkànnì tí kò bá lè ṣí rárá lórí fóònù kò wọ inú àkọsílẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó gé idajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò nínú èyí tí fóònù ń rí, tí ó fi odindi rẹ̀ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, ara rẹ̀ ni ó gé: ohun tí kò sí lójú fóònù, kò sí lójú Google.

Ilé ni Google wò kí ó tó sọ ọmọ yìí lórúkọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, StatCounter, ilé-iṣẹ́ tí ń ka bí a ṣe ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, kà á pé fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì ti borí kọ̀ǹpútà nínú lílo íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé. Nílẹ̀ tiwa, láti ìgbà tí GSM ti dé ní ọdún 2001, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò fi ohun mìíràn rí íntánẹ́ẹ̀tì rí bí kò ṣe fóònù.

Àléébù tí ó ń dùn mí jù lọ ni ti flyer, àwòrán aláràbarà tí a tẹ orúkọ ọjà, iye owó àti nọ́ńbà fóònù sí lára, tí a wá gbé ka ojú ìkànnì bí ẹni gbé pátákó ka ẹnu ọ̀nà. Ó dára lára ògiri, ó dára lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ojú fóònù kékeré, lẹ́tà rẹ̀ a rún, nọ́ńbà inú rẹ̀ kò ṣe é tẹ̀ kí ó pe ènìyàn, wolé-wolé kì í sì í fi ọkàn tán ọ̀rọ̀ tí a kọ sára àwòrán bí ó ti ń fi ọkàn tán èyí tí a tẹ̀ lásán. Ó tún wúwo. Fọ́tò kan tí kámẹ́rà fóònù yà lè tó mẹ́gábáìtì mẹ́rin; ẹni tí ó to mẹ́wàá irú rẹ̀ sójú ewé kan ti ní kí oníbàárà san owó ibodè kí ó tó wọ ọjà, pàápàá láti ìgbà tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù lè fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Google fẹ́ kí ohun tí ó tóbi jù lójú ewé hàn láàrin ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Kí a dín ìwúwo fọ́tò kù kí a tó gbé e sókè. Ojú oníbàárà kò ní mọ̀ ọ́n, àpò rẹ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n.

Bọ́tìnnì pẹ̀lú, kí ó gba ìka àgbà: 48 píksẹ́lì níbùú àti lóròó ni Google dámọ̀ràn. Kí ìpolówó tàbí ohun mìíràn má sì fò bo ojú ewé kí àlejò tó jókòó. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni Google ti ń fi ojú burúkú wo ìyẹn.

Ti àdírẹ́sì ni ó kan, ọ̀rọ̀ tí Ìbàdàn ìsàlẹ̀ fi yàtọ̀ sí ibi tí òpópónà gún régé. Ní agbo ilé tí ó wà láàrin Bẹyẹrúnkà àti Ọjà'ba, ta ni ń fi nọ́ńbà ilé júwe ọ̀nà? A ó ní kí o bọ́ sílẹ̀ ní Bẹẹrẹ, kí o kọjú sí Mápó, kí o yà sí ọ̀tún níbi tí mọ́ṣáláṣí wà. Bí a ti ń sọ ọ́ lẹ́nu gan-an ni kí a tẹ̀ ẹ́ sójú ìkànnì, ní ọ̀rọ̀ tí fóònù lè kà, kí a sì fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lórí máàpù Google pẹ̀lú, ọ̀fẹ́ ni. Kí a tún rántí pé oníbàárà kì í fi àmì ohùn wá nǹkan. Ọjà Ìba ni orúkọ ọjà náà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí Ìba Olúyọ̀lé, ẹnu ni ó ká a di Ọjà'ba. Lónìí, ẹnìkan a tẹ Ojaba, òmíràn a tẹ Oja Oba, bí ẹni pé ọba ni ó ni ín. Ẹlòmíràn a tẹ aso oke, èkejì rẹ̀ a tẹ aso ofi. Ó yẹ kí gbogbo wọn rí ibì kan jókòó sí nínú ọ̀rọ̀ ìkànnì, láìjẹ́ pé a ń tún wọn sọ bí ayékòótọ́.

Ṣùgbọ́n èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni purọ́ pé ìkànnì tí fóònù fẹ́ràn yóò di ẹni àkọ́kọ́ lórí Google lọ́la. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: Google fúnra rẹ̀ sọ pé ohun tí ó bá ìbéèrè oníbàárà mu ni ó ń wò jù. Bí ìkànnì méjì bá dáhùn bákan náà ni ìrọ̀rùn ojú fóònù ń la ìjà. Àwọn tí ó sì ní WhatsApp ti tó àwọn, mo gbà fún wọn ní apá kan. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́ nìkan ni ó ń rí ọ níbẹ̀, ọmọ Peckham yẹn kò sì ní nọ́ńbà rẹ.

Lálẹ́ òní, ẹ yá fóònù olówó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ yín, ẹ fi dátà lásán ṣí ìkànnì yín, kí ẹ sì gbé e fún ìyá àgbà inú ilé pé kí ó bá yín wá nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù jáde. Bí kò bá rí i, ẹ pe ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn padà.