Ẹ̀pà Tó Di Ìpara: Iṣẹ́ George Washington Carver

Ẹ̀yin òbí wa l'Amẹ́ríkà, bí ọmọ yín bá délé tó ní Carver ló kọ́kọ́ ṣe bọ́tà ẹ̀pà, ẹ tún un ṣe fún un: kì í ṣe òun. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Missouri. Ní 1896 ó lọ ṣe olùkọ́ ní Tuskegee. Páténtì mẹ́ta péré ló gbà, ìyẹn ìwé ìjọba tí kì í jẹ́ kí wọ́n jí iṣẹ́ ẹni: ọ̀kan fún ìpara ẹ̀pà, ní 1925; méjì fún ọ̀dà tó fi amọ̀ ṣe, ní 1925 àti 1927. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ rẹ̀ yòókù, ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé fún àwọn àgbẹ̀.

Bí ọmọ bá wá ń fi òrí àti àdí màmá àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ sọ fún un pé ohun oko ni Carver náà fi ṣe ìpara.