Ẹni Tó Dúró sí Kánádà

Bí àwọn àgbà Ìbàdàn bá jókòó tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù délẹ̀, orúkọ méjì kì í pẹ́ jáde: Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Ràṣídì Yẹkínì. Àwọn méjèèjì ló wọ aṣọ Shooting Stars, ẹgbẹ́ Ìbàdàn. Ọdẹ́gbàmí wọ inú ẹgbẹ́ náà ní 1970, kò sì bọ́ aṣọ wọn sílẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1984. Ó wà níbẹ̀ ní 1976 tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, irú èyí tí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò tí ì gbà ṣáájú ìgbà náà. Láti ibẹ̀ náà ló ti lọ gbá góòlù méjì sáwọ̀n Algeria fún Nàìjíríà ní Sùúrùlérè ní 1980. Yẹkínì ní tirẹ̀ kò pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ó bọ́ sí Abíọ́lá Babes, ó gba Abidjan lọ ní 1987, ó tibẹ̀ sọdá sí Pọtogí. Nígbà tó di 1993, òun ni wọ́n dé ládé agbábọ́ọ̀lù tó mókè jù lọ ní Áfíríkà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí.

Wọ́n á ní Ọdẹ́gbàmí fẹ́ràn ilé. Wọ́n á ní Yẹkínì ríran jìnnà. Ohun tí wọn kì í sábà bèèrè ni pé ilẹ̀kùn wo ló ṣí sílẹ̀ fún ẹni kìíní tí kò gbà wọlé. Ní 1976, ẹgbẹ́ Yúróòpù tí ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri Nàìjíríà kò wọ́pọ̀. Nígbà tó fi máa di 1987, ojú ọ̀nà ti ń là. Mi ò sọ èyí láti bu iyì ẹnikẹ́ni kù o. Mo kàn fẹ́ kí a mú ìbéèrè náà dání lọ sí Kánádà, níbi tó ti ń da àwọn èèyàn láàmú láti ìgbà tí Ọdẹ́gbàmí ṣì wà lọ́mọdé.

Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá lọ́hùn-ún kì í ṣe èyí tí àwa ń fẹsẹ̀ gbá. Ó ṣóńṣó lórí, ó ṣóńṣó nídìí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré tí wọ́n sì fi ń jù ú, àwọn alátakò á sì fi gbogbo ara gbé ẹni tó bá mú un dání lulẹ̀. Ẹni tí gbogbo eré rọ̀ mọ́ ni quarterback: ọwọ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ń dé, òun ló sì ń pinnu ẹni tí yóò jù ú sí. Kánádà àti Amẹ́ríkà jọ ń gbá a ni, ṣùgbọ́n òfin wọn yàtọ̀. Èèyàn 12 ni ti Kánádà, 11 ni ti Amẹ́ríkà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ará Kánádà lè gbìyànjú láti gbé bọ́ọ̀lù rìn yáàdì 10. Amẹ́ríkà fún tiwọn láàyè ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹgbẹ́ 9 péré ló wà nínú CFL, líìgì Kánádà. 32 ló wà nínú NFL, líìgì Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kí ẹ má fojú kékeré wò wọ́n: láti 1909 ni wọ́n ti ń du ife ẹ̀yẹ Grey Cup, ọdún 11 kí wọ́n tó dá NFL sílẹ̀.

Owó ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ní 2024, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ NFL, tí kò tí ì dá àrà kankan, kò gbọ́dọ̀ gbà dín ní 795,000 dọ́là Amẹ́ríkà fún sáà kan. Irú rẹ̀ ní Kánádà lè gba 70,000, dọ́là Kánádà sì ni, èyí tí kò lágbára tó ti Amẹ́ríkà. Kódà ẹni tí NFL gbà pé kó kàn máa bá wọn ṣe ìdánrawò, tí kì í wọ pápá lọ́jọ́ ìdíje, gba ó kéré tán 12,500 dọ́là lọ́sẹ̀ lọ́dún yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti tó fún un láti gbà ju ohun tí ẹlòmíràn fi sáà kan gbáko fara gbọgbẹ́ fún ní Kánádà. Kò rí báyìí látilẹ̀ wá. Láàrin 1950 sí 1960, owó líìgì méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, ìgbà mìíràn sì wà tí ti Kánádà ń pọ̀ jù. Billy Vessels tó gba ẹ̀bùn Heisman ní 1952, ẹ̀bùn tó ga jù lọ fún ọmọ yunifásítì tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní Amẹ́ríkà, Edmonton, ní Kánádà, ló gbà lọ. Owó tẹlifíṣọ̀n ló wá gbé Amẹ́ríkà fò lọ sókè.

Ẹnì kan wà láàrin àwọn ará ìgbà yẹn tó yẹ ká dúró wò dáadáa. Johnny Bright lorúkọ rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ Fort Wayne ní ìpínlẹ̀ Indiana, Yunifásítì Drake ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Ní 20 October 1951, wọ́n lọ ta ìdíje ní Stillwater, ní Oklahoma. Eré náà kò tí ì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí òyìnbó alátakò kan fi ń fi apá gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́, nígbà tí bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní ìdí kan láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bright dákú. Eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dá. Pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó dá yẹn, ó ṣì ju bọ́ọ̀lù kan tó gba yáàdì 61 wọlé kí wọ́n tó mú un jáde. Ayàwòrán méjì láti ìwé ìròyìn Des Moines Register ti dẹ kámẹ́rà wọn sílẹ̀ dè é, wọ́n sì ya lílù náà ní ìtẹ̀léra, débi pé ẹni tó bá wò ó á rí apá alátakò náà bó ṣe ń bọ̀ àti ibi tí bọ́ọ̀lù wà nígbà náà, lọ́nà jíjìn. Àwòrán yẹn gba ẹ̀bùn Pulitzer. Àwọn alákòóso líìgì yunifásítì náà kò fìyà kankan jẹ ẹni tó lù ú. Drake bínú, wọ́n kúrò nínú líìgì ọ̀hún.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Philadelphia Eagles mú Bright ní ìpele àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tí NFL ń pín àwọn ọ̀dọ́ láàrin ara wọn. Òun ni ìbá jẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò wọ aṣọ wọn. Ó rò ó, ó tún un rò: ọ̀pọ̀ ọmọ ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni NFL ń gbà wọlé, kò sì mọ ojú tí wọ́n máa fi wo òun. Ó kọ̀ ọ́. Calgary ló lọ ní 1952. Ní 1954 ó ti wà ní Edmonton, wọ́n sì gba Grey Cup lọ́dún yẹn, àti 1955, àti 1956. Kò padà sí Amẹ́ríkà mọ́. Ó di ọmọ Kánádà ní 1962, ó di olùkọ́, ó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, Edmonton náà ló kú sí ní 1983. Ilé ìwé kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ lónìí. Yunifásítì tí wọ́n ti lù ú kò tọrọ àforíjì àfi ní 2005.

Bí wọ́n bá ní kí n dárúkọ ẹni tó fi líìgì ńlá sílẹ̀ fún kékeré, Bright ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń pè é ní olóòótọ́ sí CFL gbọ́dọ̀ ka apá tó gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ mọ́ ọn. Ibi tí wọ́n ti gbà á bí èèyàn ló dúró sí. Mi ò rò pé ó yẹ ká máa wá orúkọ tó dùn ju ìyẹn lọ fún un.

Warren Moon náà gba ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n òun padà. Quarterback ni, ó ti darí ẹgbẹ́ Yunifásítì Washington gba ìdíje Rose Bowl ní January 1978. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ NFL kò gbà pé aláwọ̀ dúdú lè di ipò yẹn mú, ipò mìíràn ni wọ́n ń fẹ́ kí irú wọn lọ máa gbá. Moon kọ̀, ó lọ sí Edmonton, ó lo sáà mẹ́fà níbẹ̀. Ife ẹ̀yẹ márùn-ún ló bá wọn gbà, láti 1978 dé 1982, kò fo ọdún kan. Nígbà tó di 1984 tí ilẹ̀kùn ṣí, ó gba Houston lọ gẹ́gẹ́ bíi quarterback. Ṣé ọ̀dàlẹ̀ nìyẹn? Edmonton kò rí i bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri ọlá nínú pápá wọn. Ní 2006, òun ni quarterback aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wọ ilé ọlá àwọn agbábọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà.

Ó ku ẹni tó jẹ́ pé ọmọ onílẹ̀ gan-an ni, tí ohunkóhun kò lé kúrò níbìkan. Russ Jackson, ọmọ Hamilton, gbá bọ́ọ̀lù fún Ottawa láti 1958 dé 1969, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni pé tíṣà ìṣirò ni. Ó ń kọ́ ọmọ lọ́sàn-án, ó ń lọ ṣe ìdánrawò nírọ̀lẹ́, ó sì padà di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí owó iṣẹ́ méjì ń wọlé fún, tó mọ gbogbo òbí tó wà ládùúgbò, kí ni yóò tún wá lọ sí ìlú kan tí wọ́n lè lé e kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè é ní agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù lọ ní CFL. Ìdíje tó gbá kẹ́yìn láyé rẹ̀ ni Grey Cup 1969, ó gbà á, ó sì lọ sílé.

Àwọn olówó kan ti rò pé àwọn lè fi owó yí gbogbo èyí padà. Ní 1991, Toronto Argonauts kó dọ́là mílíọ̀nù 18 fún ọdún mẹ́rin síwájú Raghib Ismail, ọ̀dọ́ tí gbogbo ayé ti gbà pé òun ni NFL máa kọ́kọ́ mú lọ́dún náà. Ọmọkùnrin náà wá lóòótọ́. Nínú ìdíje Grey Cup ọdún yẹn ní Winnipeg, ó gba bọ́ọ̀lù, ó sáré yáàdì 87 bí ìjì, ẹnì kan ju agolo bíà sí i lójú ọ̀nà, ó yẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Sáà méjì péré ló lò kó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà.

CFL ti kọ́gbọ́n báyìí. Wọ́n ti fàyè gba agbábọ́ọ̀lù tó bá ń wọ ọdún tó kẹ́yìn ìwé àdéhùn rẹ̀ láti lọ bá NFL sọ̀rọ̀ nígbà òtútù, kó lọ gbìyànjú orí rẹ̀. Àwọn kan ti bu ẹnu àtẹ́ lu òfin yìí pé ó ń mú kí líìgì dà bíi sùkúù tí NFL ti ń ṣa ọmọ. Ní tèmi, ó sàn ju kí wọ́n fi okùn de èèyàn mọ́lẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni Nathan Rourke gbà. Ọmọ Kánádà ni, quarterback BC Lions. Ní 2022 ó gbá bọ́ọ̀lù débi pé ìpalára ẹsẹ̀ nìkan ló dá a dúró, nínú January 2023 sì ni Jacksonville Jaguars gbà á. Nínú ìdíje ìmúrasílẹ̀ kan pẹ̀lú Dallas lóṣù August, àwọn alátakò ti dì mọ́ ọn, ó ti ń ṣubú lọ, síbẹ̀ ó rí ọwọ́ fi ju bọ́ọ̀lù náà wọlé. Fídíò rẹ̀ tàn káàkiri ayé. Àwọn Jaguars ṣì já a sílẹ̀. Ó dé New England, ó dé New York, ó dé Atlanta, kò sí èyí tó fi í ṣe quarterback àkọ́kọ́ nínú wọn. Àjò kò dùn kí onílé má relé: nínú August 2024 ó padà sí BC Lions, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó gbé e dé 2026. Sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n dé e ládé agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù lọ. Láti Russ Jackson ní 1969, ọmọ Kánádà kankan tó jẹ́ quarterback kò tí ì dé ibẹ̀.

Àwọn kan fẹ́ kí ìpadàbọ̀ yẹn jẹ́ ìtàn ìfẹ́ ilé. Mo rò pé iṣẹ́ ló fẹ́ ṣe. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè gbá bọ́ọ̀lù kò ní fẹ́ máa dúró létí pápá wo ẹlòmíràn títí ayé, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó.

Orúkọ tó jọ tiwa wà nínú ọ̀rọ̀ yìí náà. Israel Idonije, Èkó ni wọ́n bí i sí, ìlú Brandon ní Manitoba ló dàgbà sí. Ẹgbẹ́ Ottawa mú un nígbà tí CFL ń pín àwọn ọ̀dọ́ ní 2003, ṣùgbọ́n NFL ló gbà, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Chicago. Tunde Adeleke jáde ní Yunifásítì Carleton ní tirẹ̀, Calgary mú un ní 2017, Kánádà náà ló sì fi ṣe ilé iṣẹ́, tó ti Calgary bọ́ sí Hamilton.

Ó wá ku àwọn tí kò lè lọ síbì kankan, ìyẹn àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́. Kò sí olówó kan tó ni Saskatchewan Roughriders. Ará ìlú ló ni ín. Lọ́jọ́ ìdíje ní Regina, wọ́n á gbẹ́ inú wọ́tàmẹ́lọ̀n kúrò, wọ́n á gé e bí akoto, wọ́n á gbé e sórí, omi rẹ̀ á máa ṣàn sí wọn lójú. George Reed, ọmọ Amẹ́ríkà tó bá wọn gbá bọ́ọ̀lù láti 1963 dé 1975, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà tó wà lẹ́bàá pápá wọn. Irú Reed kò wọ́pọ̀ mọ́. Ìwé àdéhùn ọdún kan ni ọ̀pọ̀ ń fọwọ́ sí báyìí, oṣù February ni ọjà ń ṣí, ẹni tó bá wọn gba Grey Cup 2025 sì lè wọ aṣọ Winnipeg kó tó di June ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó gbé wọ́tàmẹ́lọ̀n sórí mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Tíkẹ́ẹ̀tì sáà tó ń bọ̀ ni wọ́n ń rà.