Ta Ni Yóò Sùn Ti Aláìsàn?

Bí ọmọ iléèwé bá hùwà tí kò yé ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní Aró ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Orúkọ àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta ti di èébú lẹ́nu wa. Ọ̀rọ̀ náà sì ń kọni lóminú, torí pé ohun tí Aró fi gbajúmọ̀ káàkiri ayé ni pé wọ́n kò há wèrè mọ́lé níbẹ̀. Láàárín 1954 sí 1963, dókítà ọpọlọ kan tó jẹ́ ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, Thomas Adéoyè Lámbò, sọ àwọn abúlé tó yí ọsibítù ọpọlọ tó wà níbẹ̀ ká di wọ́ọ̀dù. Aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, á rìn lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, á sì padà sílé lọ́sàn-án.

Kí Lámbò tó dé, ilé wèrè ni ìjọba òyìnbó ń ṣí. Ti Yábàá ní Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1907. Ti Lántòrò ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ṣí ní 1944, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ilé náà tẹ́lẹ̀. Òfin 1916 tí wọ́n ń lò, àtimọ́lé ló gbájú mọ́. Ìmọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ kò sunwọ̀n jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní 1953, J. C. Carothers, dókítà tó ti ṣiṣẹ́ ní Kenya, kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé tó fi ìrònú ọmọ Áfíríkà wé ti òyìnbó tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí níwájú ọpọlọ. Lámbò, tó kàwé ìṣègùn ní Birmingham, tó sì kọ́ iṣẹ́ ọpọlọ ní London, délé bá irú èrò yìí lórí ìjókòó.

Ètò tó gbé kalẹ̀ rọrùn láti sọ. Aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, ìbáà ṣe ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó. Àwọn méjèèjì yóò gba yàrá lọ́wọ́ onílé ní abúlé. Ìbátan yìí ló ń dáná, òun ló ń fọṣọ, òun ló ń mú aláìsàn lọ gba abẹ́rẹ́ àti oògùn, òun náà ló ń mú un padà. Ọsibítù yá àwọn onílé lówó kí wọ́n lè fi yàrá kún ilé wọn, ó bá wọn ṣètò omi, ó sì bá wọn gbógun ti ẹ̀fọn. Ibí yìí ni mo ti rí ọgbọ́n ọkùnrin náà. Kò bẹ ará abúlé pé kí wọ́n ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ó sọ aláìsàn di ayálégbé. Ta ni yóò sọ òkò lu ayálégbé tó ń sanwó?

Ọ̀pọ̀ tó ń yin Lámbò, torí pé ó gba oníṣègùn ìbílẹ̀ láàyè ni wọ́n ṣe ń yìn ín. Lóòótọ́ ló gbà wọ́n síṣẹ́, torí wọ́n gbọ́ èdè àìsàn náà: ẹni tó gbà pé ayé ló ń bá òun jà, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ bí kò bá rí ẹni bá a yanjú ọ̀rọ̀ ayé yẹn. Egbò igi wọn pàápàá kì í ṣe ohun à ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Igi kan ní India tó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn àgbà wa fi ń mú orí wèrè wálẹ̀, lára rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti yọ reserpine jáde ní 1952, tí ọsibítù òyìnbó sì fi tọ́jú àrùn ọpọlọ nígbà náà. Síbẹ̀, lójú tèmi, oníṣègùn kọ́ ni òpó ilé náà. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ètò Aró ṣì dúró. Ẹ yọ ẹni tó ń sùn ti aláìsàn kúrò, gbogbo rẹ̀ wó.

Àwọn kan ní ọgbọ́n à ń dá fún àìnílé lásán ni, pé nígbà tí Lámbò bẹ̀rẹ̀, wọn ò tíì kọ́ ọsibítù náà tán. Bẹ́ẹ̀ ni, àìnílé ló ti ètò náà jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé parí tí bẹ́ẹ̀dì sì wà, abúlé kò kógbá wọlé. Àbájáde ìtọ́jú tó sún mọ́ ilé bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ìwádìí Àjọ Ìlera Àgbáyé nípa schizophrenia, àrùn ọpọlọ tó le tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí wèrè, kó ìlú mẹ́sàn-án pọ̀, Ìbàdàn sì wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n padà wo àwọn aláìsàn wọ̀nyí lẹ́yìn ọdún méjì, ara àwọn ti Ìbàdàn, Agra ní India àti Cali ní Colombia yá ju ti àwọn ìlú olówó lọ lápapọ̀. Àwọn onímọ̀ kan ti bu ẹnu àtẹ́ lu èsì yìí lẹ́yìn náà, pé àwọn aláìsàn ibi méjèèjì lè má dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gba ẹ̀sùn náà wọlé. Kò yẹ ká máa fi èsì yẹn ṣe fáàrí. Àmọ́ bí a bá yọ ìdajì rẹ̀ dànù, ó ṣì kù síbẹ̀ pé ìlú tí dókítà ọpọlọ kò pọ̀ kò ṣe kéré sí ibi tí wọ́n pọ̀ sí.

Ẹ̀sùn kejì gbóná jù ú lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá ń yin ìbílẹ̀ ń gba ìwà ìkà láyè, torí pé títí di òní, àwọn ibìkan wà, ilé oníṣègùn àti ilé àdúrà pẹ̀lú, tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn, tí wọ́n ń fi ebi pa á, tí wọ́n ń fi pàṣán lé ẹ̀mí èṣù. Kò sí àwáwí fún èyí. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìṣe Lámbò fúnra rẹ̀: ojú dókítà wà lára oníṣègùn, kò sì fi oògùn ọsibítù sílẹ̀. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2020, pẹ̀lú aláìsàn 307 ní Nàìjíríà àti Ghana, fi hàn pé níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé ti ń lọ bá oníṣègùn àti wòlíì nílé ìtọ́jú wọn, tí wọ́n jọ ń tọ́jú aláìsàn, ara aláìsàn yá jù.

Èyí tí kò rọrùn fún mi láti dá lóhùn ni ọ̀rọ̀ ìdílé. Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ìyá tó fi oko sílẹ̀ lọ gbé Aró pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ta ló ń bá a ro oko náà? Lóde òní, tí ìyá ń tajà ní Mushin, tí àwọn ọmọ yòókù sì wà ní Ìlú Ọba, ta ni ká ní kó wá sùn ti aláìsàn? Mo gbà pé a ò lè dá abúlé 1954 padà. Ohun tí a lè gbé wá ni ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀: kí ìtọ́jú sún mọ́ ilé tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá kò fi ní pa ọjà tì. Ní 1978, nígbà tí Lámbò jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní ìlú Alma-Ata, wọ́n sì fẹnu kò pé ìlera alábọ́dé, tó sún mọ́ ilé, ni kí ìjọba fi ṣe ìpìlẹ̀. Wọ́n mẹ́nu ba oníṣègùn ìbílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Báwo la ṣe jìnnà síbẹ̀ tó? Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, sọ pé nínú àwọn tí àrùn ọpọlọ wọn le, nǹkan bíi mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ló rí ìtọ́jú kankan gbà láàárín ọdún kan. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun sì ti wà láti oṣù kìíní ọdún 2023. Lámbò ti kú ní 2004, kò rí i.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, òfin kì í gún abẹ́rẹ́. Ẹ fi oògùn ọpọlọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé, kí ẹ sì kọ́ nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní èèyàn ní wọ́ọ̀dù Aró tàbí ibòmíràn lónìí, ẹ lọ wò ó lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá ẹ lè jókòó pẹ́.