Owó Orí Tí Wọ́n Gbà Jù Ní Ìlú Ọba: Ta Ni Ó Ni Ín?

Ìbéèrè kan ni àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní Ìlú Ọba sábà máa ń bi mí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀: bí ìjọba ibẹ̀ bá yọ owó orí lára owó iṣẹ́ ọmọ ẹni, tí ọmọ náà sì ní òun fẹ́ gbà á padà, ṣé hàláàlì ni tàbí jìbìtì? Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbà pé owó tí ó bá ti wọ àpò ìjọba kì í jáde mọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí lọ́hùn-ún. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n gbà jù ni, tí òun náà kò sì fi ohunkóhun pamọ́.

Ọjọ́ kẹfà oṣù Épírì ni ọdún owó orí ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Láti ọdún 2021, £12,570 àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ bá gbà láàárín ọdún ni wọn kì í gba owó orí lé lórí. Ní England, ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń mú nínú èyí tí ó bá lé, títí dé £50,270. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ni í yọ ọ́ kí owó tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Bí ọ̀gá kò bá mọ iye tí òṣìṣẹ́ ti gbà ṣáájú lọ́dún náà, ìṣirò pàjáwìrì ni yóò lò, bí ẹni pé oṣù kọ̀ọ̀kan dá dúró.

Kí á sọ pé ọmọ kan ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí láti oṣù Júnù títí dé Sẹ̀tẹ́ńbà, £1,800 lóṣù. Pẹ̀lú ìṣirò yìí, £150.50 ni wọn yóò máa yọ lóṣooṣù, ó di £602. Ṣùgbọ́n gbogbo owó tí ó gbà kò ju £7,200 lọ. Bí kò bá rí owó mìíràn gbà láàárín ọdún owó orí náà, kò jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀. £602 náà, tirẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ tí ń ta aṣọ ní Gbági sì mọ ohun tí òun lè fi í ṣe.

Ìwé ni ó ń fi ìyà jẹ àwọn ọmọ wa. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, P45 ni ọ̀gá rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un. Ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ títí ọdún fi parí, P60. Kí ó tọ́jú wọn bí ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ẹni tí ń padà bọ̀ wálé yóò kọ P85 ránṣẹ́ sí HMRC, ilé iṣẹ́ owó orí wọn. Ọdún mẹ́rin ni àyè ìbéèrè, láti ìgbà tí ọdún owó orí náà ti parí. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí ìbéèrè náà, n kò sì rí ìdí tí a ó fi gbé e fún alágbàṣe tí yóò gé ìpín ńlá níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dé sórí fóònù pé owó rẹ ti jáde, kí o fi nọ́ńbà báńkì rẹ ránṣẹ́, olè ni. Owó National Insurance tí wọ́n ń yọ lọ́tọ̀ kì í padà nítorí pé ènìyàn ń lọ sílé.

Ẹ rántí àwọn tí Súrátù Mutọfífíínà bá wí, tí ń gba òṣùwọ̀n kún, tí wọ́n sì ń dín in bí wọ́n bá ń wọ̀n fún ẹlòmíràn. Ọmọ tí ń gba owó ọwọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, tí ó wá ń béèrè gbogbo owó orí rẹ̀ padà, ara wọn ni. Ẹni tí ó sì fi orúkọ ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ ti rú òfin; ẹni tí ó ni orúkọ ni ìjọba yóò dá owó padà fún, ìjà ni ó sì ń dà láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń kírun ní sàfù kan. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí wọ́n sọ pé owó orí ti bọ́ sàká lọ́rùn àwọn. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.

Ti àwọn òṣìṣẹ́ ni mo ti ń sọ. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ń ná Dubai, owó orí tiyín wà lórí ọjà. Láti oṣù Jánúárì 2018 ni wọ́n ti ń fi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé e, àlejò sì lè gba púpọ̀ nínú rẹ̀ padà ní pápákọ̀ òfurufú bí ọjà tí ó rà ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú ètò náà bá tó 250 dírámù. Ọjà tí ẹ fúnra yín gbé lọ́wọ́ ni; èyí tí ẹ fi kágò ránṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ti fòpin sí irú ètò bẹ́ẹ̀ láti ìparí ọdún 2020, kí ẹ má bá oníṣọ́ọ̀bù jà. Ní Dubai, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọjà wò fún owó orí, pẹ̀lú rìsíìtì, kí ẹ tó kó ẹrù fún àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú.